Mo Sẹ́ Ẹni Tó Bá Mi Sin Ìyá Mi

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Ẹnu mi ni mo fi ba nǹkan jẹ́, ẹnu náà ni màá fi sọ ọ́. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹ bú mi, mo gbà.

Bámgbóyè ni orúkọ mi. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí. Ó ku ọdún méjì kí n pé àádọ́rin.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo forí lé Gàbọ́ọ̀nù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi tú ojú rírán aṣọ òfì rẹ̀ kan, ó pín in sí méjì níṣojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyádùnní. Ó kó ìdajì kan fún mi, ó fi ìdajì kejì sínú àpótí.

Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá dé, a ó tún un rán pọ̀."

Mo ní, "Màmá, inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo bá kọ́ fún yín la ti máa rán an."

Gbogbo agboolé ló gbọ́. Ẹnu mi ti dùn láti kékeré.

Ọdún méjìdínlógún ni mo lò lọ́hùn-ún. Nígbà tí iṣẹ́ tán, tí wọ́n kó wa jáde bí ẹni kó àpò ẹ̀pà, ṣòkòtò kan, bàtà rọ́bà kan àti aṣọ òfì yẹn ni mo mú bọ̀. Mo wọkọ̀ títí mo fi dé Ọ̀rà. Ọ̀kadà kan péré ló kù kí n dé Ìlá. Ọlọ́kadà tan iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ká máa lọ?" N kò lè gùn ún. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá nǹkan díẹ̀ sọ́wọ́ ná.

Mo wọ inú igbó tó wà lẹ́yìn Ọ̀rà, níbi tí àwọn agégẹdú tẹ̀dó sí. Oṣù mẹ́ta ni mo dá fún ara mi. Ọdún méjìlélógún ni mo lò.

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí. Wọn kò sọ pé ikú ta ni.

Ibùdó yẹn ni èmi àti Kàbírù ti pàdé. Ọmọ Ṣábẹ́ ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Nígbà náà, ayùn ńlá tí ènìyàn méjì ń fà la fi ń la pákó. A ó gbẹ́ kòtò, a ó gbé gẹdú dábùú lé e, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wọ kòtò lọ. Ojú ẹni tó wà nínú kòtò ni gbogbo lẹ́búlẹ́bú igi ń kún. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní ká máa gbà á fún ara wa.

Kàbírù ní, "Ẹ̀gbọ́n kì í wọ kòtò."

Ọdún méje gbáko ló fi wà nísàlẹ̀ mi, títí ẹ̀rọ fi dé. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀, ayùn tí mo mú dání lókè ló gé e. Kò fi bú mi rí.

Lọ́dún kẹrin tí a ti jọ wà, ó lọ ra ayùn ní ọjà Ìlá. Èmi kì í dé ọ̀hún, òun ló máa ń lọ. Ó padà dé lọ́wọ́ òfo.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá kan kú ní agboolé yín. Wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin wà ní Gàbọ́ọ̀nù, àwọn ò mọ bí àwọn ṣe máa rí i."

Mo jókòó sórí gẹdú.

Ó ní, "Ẹ dìde, ká lọ."

"Mi ò lọ."

"Ìyá yín nìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní mi ò lọ. Kí ni mo fẹ́ mú wọlé?"

Nílẹ̀ wa, bí òbí bá kú, ọmọ ló ń mú aṣọ wá tí wọ́n fi ń bò ó. Ìdajì òfì yẹn nìkan ni mo ní láyé. Mo kó o fún Kàbírù. Ó mú un lọ, ó fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó bá àwọn ọ̀dọ́ ilé gbẹ́ sàréè, ó bu eèpẹ̀ lé ìyá mi. Nígbà tó padà dé, erùpẹ̀ pupa ṣì wà ní orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti bá yín ṣe é." Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Kàbírù fẹ́ Àbídèmí, obìnrin tó ń se oúnjẹ ní ibùdó. Àbídèmí bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo fún un, Dámisọ́lá, kí ó tó kú. Èmi ni mo máa ń gbé ọmọ náà kọjá odò lọ sílé ìwé ní àsìkò òjò. Ó kàwé yege, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìlá. Lọ́dún tó kọjá, gẹdú tán nínú igbó, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò gbé mi dáadáa mọ́, kálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Kàbírù ní, "Ọmọ mi wà ní Ìlá. Ilé yín wà ní Ìlá. Ẹ̀gbọ́n, kí la tún ń wá kiri?"

Bí a ṣe wọ Ìlá nìyẹn.

Nínú agboolé wa, àlejò kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti wá. Ẹni tó mú un wọlé ló ń sọ ọ́ fún baálé, kí wọ́n tó pa obì. Ohun tó bá sọ kí obì tó là ni gbogbo ilé máa mọ àlejò náà mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá Ọláyọdé, baálé wa, mú obì dání. Wọ́n ní, "Bóyè, káàbọ̀. Níbo lo ti ń bọ̀, ta sì ni ẹni tó bá ọ gbé ẹrù yìí?"

Mo wo ojú wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń sọ̀rọ̀ mi. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí mo lọ ń na ọrùn láti rí mi. Òótọ́ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Gàbọ́ọ̀nù ni mo ti ń bọ̀ tààrà, Bàbá. Kàbírù rèé. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni mo ti pàdé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, ló bá bá mi gbé ẹrù."

Wọ́n pa obì. Kàbírù ń wo ilẹ̀. Ìyádùnní ẹ̀gbọ́n mi bu omi fún un, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Mo rò pé ìka tó gé ló ń wò bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe di Bàbá Gàbọ́ọ̀nù nìyẹn. Wọ́n fún èmi àti Kàbírù ní yàrá méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi bá mi dúpẹ́, wọ́n fi mí jókòó níwájú. Níbẹ̀ ni mo ti sọ pé ọdún méjì ni ìròyìn ikú ìyá mi fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi lókè òkun. Àwọn obìnrin sunkún. Èmi náà sunkún, ẹkún mi sì dénú.

Àwọn ọmọ Ìlá tó ti Èkó wálé ọdún Ìsìnrò wá kí mi, wọ́n ní kí n sọ Faransé díẹ̀ fáwọn. Mo sọ ọ́. Kàbírù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Faransé yín yẹn, imú ló ń gbà jáde."

"O ò rí i pé wọ́n pàtẹ́wọ́?"

"Mo rí i. Èmi náà pàtẹ́wọ́."

Dámisọ́lá kì í wá sí agboolé wa. Ìta ni bàbá rẹ̀ ti ń lọ rí i. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú tì mí.

Oṣù kẹjọ tí a dé Ìlá la wà nígbà tí àwọn imigíréṣọ̀n dá ọ̀kadà tó gbé Kàbírù dúró lọ́nà Ire. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé wá. Kò ní. Wọn kò lù ú, wọn kò bú u. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta: kó tọ́jú ìwé rẹ̀, tàbí kó máa lọ sílé.

"Ilé wo?" Kàbírù bi mí. "Àwọn tó mọ̀ mí ní Ṣábẹ́ ti kú tán. Ibi tí ọmọ mi bá wà ni mo fẹ́ kú sí."

Ó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè bí ènìyàn ṣe ń di ọmọ Nàìjíríà. Mo jókòó sábẹ́ igi níta, mo ń dúró dè é. Nígbà tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Wọ́n ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin ń béèrè. Mo ní mo ti lo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀, Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi, ní mélòó ni mo lò ní Ìlá nínú rẹ̀. Mo ní oṣù mẹ́jọ."

"Àbídèmí ńkọ́? Ṣebí ọmọ ilẹ̀ yìí ni."

"Wọ́n ní ọkùnrin kì í ti ipasẹ̀ ìyàwó di ọmọ Nàìjíríà. Àna kò lè jẹ́rìí, ọmọ kò lè jẹ́rìí. Mo ní mo gbé Ọ̀rà. Wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà wá láti Ọ̀rà. Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ orúkọ ibùdó sínú ìwé ní Ọ̀rà? Ọ̀gá gẹdú ti kú. Àwọn yòókù, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́?"

"Ọmọ onílẹ̀ kan tí kì í ṣe ẹbí mi, tó ti mọ̀ mí láti ìgbà náà. Kó wá sọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó tẹ̀ka." Ó yí ojú sí mi. "Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Ewúrẹ́ kan ń kọjá, mo ń wò ó bí ẹni fẹ́ rà á.

Ó ní, "Ẹ ò ní sọ ọ́ nílé. Ọ́fíìsì ni. Ẹ̀yin, obìnrin yẹn, àti bébà. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Mo ní, "Màá sọ ọ́."

Mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ má gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n dá fún wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n á fi mí joyè Bàbá Ìjọ. Wọ́n ní, "Ẹni tó rìn jìnnà tí kò gbàgbé ilé." Ìjọ dìde dúró fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní orúkọ láti kékeré, ẹ kò lè mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá dìde fún ẹni tó ti sùn sábẹ́ gẹdú. Ó ń wọ ara. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí mo ṣe máa sọ òótọ́ tí kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́rú, Kàbírù wọ agbádá kan ṣoṣo tó ní. Ó fá irùngbọ̀n. Ó ń yẹ ara rẹ̀ wò bí ọkọ ìyàwó.

A wọ ọ́fíìsì. Bàbá Ọláyọdé ló jókòó síbẹ̀, baálé wa, pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá.

Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Èmi ni mo ránṣẹ́ pe baálé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé agboolé wọn ni àlejò ń gbé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i."

Mo jókòó.

Bàbá Ọláyọdé ní, "Bóyè, èyí kò le. Sọ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a pa obì."

Obìnrin náà mú bírò. "Bàbá, Alàgbà Kàbírù ní ẹ ti mọ òun fún ọdún méjìlélógún, pé ẹ jọ gbé igbó Ọ̀rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Baálé wò mí. "Ọ̀rà?" wọ́n ní. "Ọ̀rà wa yìí?"

Mo rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: obì tí mo fi irọ́ pa, ìjọ tó dìde, àti sàréè ìyá mi tí n kò bu eèpẹ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀, mo lè débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Mo ní, "Rárá o. Gàbọ́ọ̀nù ni mo wà. Sẹ̀mẹ̀ la ti pàdé, lọ́dún tó kọjá."

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó dá mi lójú."

"Ọ̀rọ̀ ọdún méjìlélógún ńkọ́?"

Mo ní, "Bóyá ọ̀ràn ìwé ló ń dà á láàmú."

Mo sọ ìyẹn nípa ọkùnrin tó fi ojú gba lẹ́búlẹ́bú igi fún mi lọ́dún méje. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá wa kan ara wọn. Ó lè la ẹnu kó tú mi fó. Ó kàn ń nu ojú ìka tó gé yẹn pẹ̀lú àtàńpàkò rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe bí òtútù bá mú.

Wọ́n gbé yíǹkì wá. Mo tẹ̀ka.

Níta, ọ̀kadà kò tètè dé. Nígbà tó dé, Kàbírù di apá mi mú kí n lè gùn ún.

Ó ní, "Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ yín."

Mo ní, "Kàbírù, ṣé o rí i pé baálé—"

"Mo rí wọn."

Fún ọ̀sẹ̀ kan kò yí ìṣe rẹ̀ padà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń bu omi sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì lè padà lọ. Mo ti béèrè. Obìnrin yẹn kò tíì fi ìwé ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Ó di ọjọ́ Ẹtì."

Ẹ wo ohun tí mo fi dá ọmọ ẹlẹ́ran ara lóhùn. Mo ní, "Ṣábẹ́ náà, ilé ṣáà ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ni."

Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Mo jókòó sínú yàrá mi ní gbogbo ọjọ́ náà, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Lẹ́tà dé, wọ́n kọ̀ fún un: oṣù mẹ́jọ kò tó nǹkan kan. Nígbà tí oṣù mẹ́ta ń pé, Kàbírù di ẹrù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Ọláyọdé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó fẹ́ lọ wo àwọn ẹbí rẹ̀ ni. Ìyádùnní kó iṣu àti gaàrí fún un. Ó sìn ín dé títì. Èmi kò dé títì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a ń ṣèpàdé ilé lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí Dámisọ́lá wọlé. Ó kúnlẹ̀ fún baálé. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá Ọláyọdé ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ọ́?"

"Ọmọ Kàbírù ni mí, sà. Bàbá mi ní kí n má wá síbí, kí n má sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ báyìí, mi ò rí ohun tí mo ń pa mọ́ fún mọ́." Ó na lẹ́tà náà jáde. "Wọ́n ní ẹlẹ́rìí sọ pé Sẹ̀mẹ̀ lòun ti mọ bàbá mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi bi Bàbá Gàbọ́ọ̀nù, ta ló ń gbé mi kọjá odò lọ sílé ìwé ní Ọ̀rà?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní, "Ọmọ ń jà fún bàbá rẹ̀. Ẹ má bínú sí i."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Dámisọ́lá kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ń kọrin fún mi lórí omi, Bàbá. Ẹ ní bí mo bá wo ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rù máa bà mí."

Baálé ní, "Bóyè?"

"Irọ́ ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ìyádùnní ti lé ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbi ìpàdé. Ó dúró síwájú mi.

"Bóyè, ìdajì aṣọ òfì tí Màmá fún ọ dà?"

Mo ní, "Ó sọnù ní Gàbọ́ọ̀nù."

"Kò sọnù. Ó wà lára Màmá nínú ilẹ̀." Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé e fún mi lẹ́yìn ilé. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kò pé. Mo ní, ta ló rán ọ? Ó ní ẹni tó rán òun ní kí òun má sọ. Mo ní, ṣé ó ń jẹun? Ó ní ó ń jẹun. Mo rán méjèèjì pọ̀, mo fi bo Màmá. Òkú kò tíì sùn mọ́jú kejì tí aṣọ fi dé. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé àbúrò mi kò jìnnà."

Àwọn àgbà ń wo ara wọn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí a ti wọlé lẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ ọwọ́ yẹn nígbà tí mo ń gbé omi fún un."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ìwọ lo mú àlejò wọlé. Ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi dúró pé kí o wọlé, mo ní kí n tún dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Mi ò bínú pé o kò wá sin Màmá. Ìtìjú ni, mo mọ ìtìjú. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé o lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní ó fẹ́ lọ wo ilé, mo sì kó iṣu fún un. Bóyè, mo kó iṣu fún un."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, láti orí ọlọ́kadà Ọ̀rà dé orí yíǹkì. Nígbà tí mo gbójú sókè, Dámisọ́lá ti lọ.

Bàbá Ọláyọdé ní, "Máa gbé inú ilé, ilé bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n o kò ní bá wa fọwọ́ kan obì mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti baálé dúró níwájú Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo tún un sọ. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn pàápàá, ojú ọkùnrin yẹn ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n àtẹ̀ka yín wà lórí ọ̀rọ̀ kìíní. Bí mo bá fi èkejì ránṣẹ́, wọ́n á bi mí pé èwo ni irọ́ nínú méjèèjì. Wọ́n á ní ó ti bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n búra."

"Kì í ṣe ìbúra ló kù. Ó ti jáde kúrò nílẹ̀ yìí. Bó bá padà wọlé, ọjọ́ tó bá wọlé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Kàbírù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò lé mi. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí, wọ́n sì fi ẹlòmíràn joyè. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta ń pè mí ní Bàbá Ọ̀rà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ fún mi, kì í jókòó tì mí. Dámisọ́lá ń wá kí i báyìí. Ó ń kí gbogbo ilé yíká, ó ń fo mí.

Mo ti rí ebi, mo ti rí òkun, mo ti rí igi tó wó lu ènìyàn. Ohun tí mo mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ kò pọ̀: irọ́ tí o pa nítorí ara rẹ, ẹlòmíràn ló ń gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ilé tí ojú ń tì yín láti wọlé lọ́wọ́ òfo, ẹ wọlé. Wọ́n á bú yín, wọ́n á fún yín lóúnjẹ.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Kàbírù ni.

Ó kí mi dáadáa. Ó ní ilé bàbá òun ti di ti ẹlòmíràn, pé iwájú mọ́sálásí lòun ń sùn sí, pé wọ́n ń ṣe òun dáadáa.

Mo ní, "Kàbírù, mo ti sọ òótọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn nílé àti ní ọ́fíìsì."

"Dámisọ́lá sọ fún mi."

"Dárí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán nínú mi."

Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, èdè Ṣábẹ́.

Ó ní, "Àwọn ìjọba ibí náà ń béèrè ìwé. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo wà láti ọjọ́ yìí. Mo ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ta ni àwọn lè pè níbẹ̀, tó lè jẹ́rìí pé ó mọ̀ mí?"

Mo ní, "Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kò sí."